Akàn Tí Wọ́n Sọ Di Òrìṣà ní Houston

Ìwé kan wà ní ilé ìkówèésí yunifásítì kan ní Houston tí mo mọ ìdí abájọ rẹ̀ ju ẹni tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú rẹ̀ lọ. Ìwé náà nípọn, èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ya àwòrán akàn ńlá kan sí i lára. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde ṣe wí, ìtàn àtayébáyé ilẹ̀ Háítì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri kí ó má baà parun. Irọ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò wá ohunkóhun kiri. Èmi ni mo gbé àwọn ìtàn náà lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, nínú páálí bàtà, tẹ̀rín-tẹ̀rín. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ìbẹ̀rù kọ́ ló fà á. Orúkọ rẹ̀ ti wà lára ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi náà wà nínú ìwé ọ̀hún. Bí ẹ bá ṣí i dé apá ìparí, ẹ ó rí mi ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, nínú lẹ́tà wínníwínní tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń tẹ ohun tí wọn kò fẹ́ kí a kà: "ọ̀mọ̀wé kan, ọmọ Yorùbá, jẹ́rìí sí i." Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀mọ̀wé náà ṣe di alágbàfọ̀.

Ní àwọn ọdún 1980 ni mo dé Houston, láti gba oyè kejì nínú èdè Faransé. Nílé, olùkọ́ Faransé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Iléṣà. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Mùsíyọ̀, àwọn òbí wọn ń ṣí fìlà fún mi. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lò ní Alief, àdúgbò kan ní Houston, mo jáde nínú apátímẹ́ǹtì wa láti lọ ra búrẹ́dì. Mo fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà náà kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, bí ẹni pé ẹni tó là á kò tíì rí ẹsẹ̀ èèyàn rí. Obìnrin kan dá mọ́tò rẹ̀ dúró, ó bi mí bóyá ìyàwó mi ló lé mi jáde. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá dé.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ ra búrẹ́dì."

"Mọ́tò rẹ dà?"

"N kò ní mọ́tò."

Ó wò mí bí ẹni tó sọ pé òun kò ní orí. Ó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró dè mí, ó sì gbé mi padà sílé. Bọ̀dé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń gbé, ló rí mi bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ọlọ́pàá pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ apá. Mo fi ọdún mẹ́jọ ju Bọ̀dé lọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń kọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park, tó fi jẹ́ pé òórùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe fún wọn?"

"Búrẹ́dì ni mo lọ rà."

"Ẹ fẹsẹ̀ rìn? For this Houston? Háà! Na only thief and mad person dey waka for here o. Ẹ ò sì jọ olè."

"Kí wá ni mo jọ?"

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò ní fẹnu mi sọ ọ́."

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ dá ọyẹ́ sínú ilé, wọ́n sì fi ààrò sílẹ̀ fún wa níta. Mo ń gbọ̀n nínú kíláàsì, mo ń làágùn lójú pópó, èmi kan náà, láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kò pé ọdún kan tí owó ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń fi ránṣẹ́ fi dákẹ́ bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ kú. Wọn kò kọ̀wé, wọn kò ṣàlàyé, wọn kò sì tọrọ gáfárà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di òṣìṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Stafford. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù iṣẹ́ ẹnìkan tó ti lọ. Wọ́n ti fi òwú kọ orúkọ rẹ̀, Earl, sí i láyà. Wọ́n ní àwọn kò ní òmíràn tó bá mi mu. Fún ọdún méjì gbáko, Earl ni mí. Mo gbìyànjú láti kọ́ ọ̀gá wa ní orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kẹta, ó ní Earl náà kò burú.

Ẹnìkejì mi nídìí iṣẹ́ náà ni obìnrin ará Háítì kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Orélì ni orúkọ rẹ̀. Èmi kò lè pe ẹni tó tó bí mi ní orúkọ gangan bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe, nítorí náà, Màmá ni mo ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú mi dùn pé mo rí ẹni tí n óò máa bá sọ Faransé. Mo gbé gbólóhùn kan kalẹ̀ tó gún régé, tó lórí, tó nírù. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé aṣọ ibùsùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "Faransé rẹ wọ kóòtù, ó tún so táì. Ta ló kú?"

Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti fi ẹ̀rín bọ́ kóòtù náà lọ́rùn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ Kreyòl, èdè tí àwọn ará Háítì fi ń bá ara wọn jà, tí wọ́n fi ń bá ara wọn rẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tó ń lọ ṣe ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ó máa ń wọ yàrá tí a ń kó aṣọ tó mọ́ sí, níbi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ jùlọ nínú ilé náà. Á jókòó lórí òkìtì aṣọ, á tan rédíò kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan, á sì gbé ẹnu sún mọ́ ọn.

"Krik?" ni yóò wí. Lẹ́yìn náà, á dákẹ́. Á mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

"Màmá, kí lẹ ń dúró dè?"

"Mò ń dúró kí wọ́n dáhùn."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ọmọ tó wà nílé, ní Jérémie. Tí mo bá ní 'Krik?', àfi kí wọ́n ní 'Krak!' kí n tó lè pa ìtàn. Tí wọn ò bá dáhùn, mo gbọ́dọ̀ pa ẹnu mi dé."

"Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kásẹ́ẹ̀tì yìí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fún wọn láyè," ó ní. "Ìwọ, ṣé ìwé ni wọ́n ní o wá kà ní ìlú yìí lóòótọ́?"

Báyìí ni àwọn ará Háítì tó wà nílẹ̀ òkèèrè ṣe ń kọ lẹ́tà nígbà náà. Ẹni tó ń lọ sí Miami á mú kásẹ́ẹ̀tì dání, ẹni tó ń ti ibẹ̀ wọ Port-au-Prince á gbà á, èsì á sì gba ọ̀nà kan náà bọ̀. Àwọn òǹkọ̀wé wọn tó mọ̀wé ń kọ ìwé ní Faransé, àwọn ará Paris sì ń fún wọn ní ọlá. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ilé ìkówèésí àwọn ìyá wọn wà nínú páálí bàtà, lábẹ́ ibùsùn, ní Brooklyn, ní Montréal, ní Stafford, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń pín àmì ẹ̀yẹ níbẹ̀.

Ojú tì mí bí mo ti ń gbọ́ wọn. Èmi náà dàgbà sábẹ́ "Ààlọ́ o!", mo ń fi gbogbo ẹnu dáhùn "Ààlọ̀!" Láti ìgbà tí mo ti di Mùsíyọ̀, n kò pa ẹyọ kan fún ọmọ kankan. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, a máa ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Mo ti na àwọn ọmọ fún ohun tí obìnrin yìí ń wá ibi tó dákẹ́ láti ṣe. Mo rò pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ ibi tí òun ti jẹ́ ọmọ onílé, kí ó pe ìpè, kí ó sì fetí sílẹ̀ bóyá ẹnìkan yóò jẹ́ ẹ. Ní Houston, èmi pe ìpè títí, Earl ni wọ́n ń dá lóhùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ga, ó rẹwà, ó sì máa ń pe gbogbo ẹni tí awọ rẹ̀ bá dúdú ní "ọ̀rẹ́ mi", èyí tó gbà á lọ́wọ́ wàhálà kíkọ́ orúkọ wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ìyókù àṣà Áfíríkà kiri ní àwọn erékùṣù bíi Háítì. Lọ́jọ́ kan nínú kíláàsì, mo fẹ́ tàn bí àtùpà. Mo sọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì náà. Kò tíì pé wákàtí kan tó fi ní kí n wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ òun.

"Kí ló fẹ́ fi kásẹ́ẹ̀tì mi ṣe?" ni Màmá bi mí.

"Ó fẹ́ kọ ìwé, Màmá. Gbogbo ayé yóò mọ̀ pé ẹ̀yin ará Háítì ní ìtàn."

"Ta ló sọ fún un pé àwa ò mọ̀?"

"Oṣù kan péré ni. Yóò dá wọn padà."

Miréì, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí, ti kú sórí ìkúnlẹ̀ ní Jérémie ní ọdún tó ṣáájú. "Ohùn ọmọ mi wà nínú wọn," ó ní.

"Mo mọ̀, Màmá. Mo fi orí ìyá mi búra fún yín."

Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kàndínlógún ló kó lé mi lọ́wọ́, gbogbo èyí tí àwọn ará ilé ti fi ránṣẹ́ sí i. Èmi ni mo fi oṣù mẹ́fà túmọ̀ wọn ní ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Nínú ọ̀pọ̀ lára ìtàn náà, akàn kan wà tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ọkùnrin onígíláàsì dúdú lójú ń dọdẹ rẹ̀. Akàn sá pamọ́ sínú ìkòkò, akàn wọ inú omi, akàn rí àpáta lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè jókòó sójú kan mọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ ẹ kò ní òrìṣà kan ní ilẹ̀ Yorùbá tó ń rìn bí akàn?"

N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ oyè mi wà lórí tábìlì rẹ̀, gègé rẹ̀ sì wà lórí àpilẹ̀kọ náà. Gbogbo ẹni tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí ló mọ irú ohùn tí ń jáde lẹ́nu èèyàn ní wákàtí bẹ́ẹ̀.

"Ó ṣeé ṣe," ni mo wí. "Ní apá etíkun."

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ojú fèrèsé ọkọ̀ òfurufú ni mo ti kọ́kọ́ rí òkun.

Oṣù kan di oṣù méjìdínlógún. Bí mo bá béèrè, "Láìpẹ́, ọ̀rẹ́ mi" ni èsì. Láàárín ìgbà náà, ìjọba apàṣẹwàá tó wà ní Háítì wó lulẹ̀, àwọn ará Háítì tó wà ní Houston jó ní ojú pópó, ìwé aláwọ̀ ewé náà sì jáde. Mo mú un lọ síbi iṣẹ́. Ní àkókò oúnjẹ, mo jókòó ti Màmá láàárín àwọn aṣọ tó mọ́, mo sì ń kà á fún un ní Kreyòl.

"'Akàn yìí,'" mo kà, "'ni ìyókù òrìṣà omi kan tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Ìrìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró fún ọ̀nà tó wà láàárín ayé àti ọ̀run.'"

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di pẹpẹ aṣọ mú, pẹpẹ náà sì da aṣọ ibùsùn lé wa lórí. Nínú òkìtì náà ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde: "Ánsẹ́mù! Yéè! Wọ́n ti sọ Ánsẹ́mù di òrìṣà!"

Ánsẹ́mù ni ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó jábọ́ lórí igi ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jinná dáadáa, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn títí dòní. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ohun kan sára ògiri nípa olórí orílẹ̀-èdè wọn, àwọn agbófinró abẹ́lẹ̀ onígíláàsì dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Àwọn kan náà ń tú ẹrù àwọn arìnrìn-àjò, wọ́n ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó jẹ́ dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ẹbí gbé e wọ inú ìtàn. Akàn wọ inú omi: ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Akàn rí àpáta: ó ti dé Miami. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kàndínlógún, lẹ́tà ilé ni gbogbo wọn. Ogójì ojú ewé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ṣàlàyé ẹsẹ̀ dídá, èmi sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

"Níbo ni Ánsẹ́mù wà báyìí?" ni mo bi í.

"Ó ń fọ mọ́tò ní Alief, ní ẹ̀yìn ilé rẹ." Ó nu omijé ẹ̀rín kúrò lójú. "Adìyẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n ní adìyẹ jẹ́?"

Mo ṣí i. Ìtàn keje ni. Adìyẹ kan ń sàba, ó ń ka ọjọ́, ó ń pe ìyá rẹ̀ lódìkejì omi pé kí ó wá wo àwọn ọmọ tí ń bọ̀. Ìtàn náà kò ní ìparí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo sì kà á kí n tó mọ ohun tí mò ń kà: "Àjákù ni èyí. Ìyá arúgbó tó pa á kò mọ̀wé, ìrántí rẹ̀ sì ti ń kùnà."

Ẹ̀rín tán.

"Èmi kọ́ ni mo pa á," Màmá ní. "Miréì ni. Kò parí torí pé adìyẹ náà ṣì ń sàba nígbà tó ń sọ ọ́." Ó pa ìwé náà dé lọ́wọ́ mi. "Kásẹ́ẹ̀tì mi dà?"

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Oṣù kan lo wí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Àwọn baba rẹ ta àwọn baba mi lẹ́ẹ̀kan. Ó kéré tán, wọ́n gba nǹkan lé wọn lórí. Ìwọ fi wá tọrẹ."

Aṣọ ibùsùn kì í ṣe ohun tí ẹnìkan lè ká dáadáa. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, òun di etí kan mú, èmi di èkejì, a ń pàdé láàárín, a ń yà, kò sì bá mi sọ gbólóhùn kan.

Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" tí èèyàn lè gbà padà lọ́wọ́ àgbà tó bá ṣìwà hù. Ìyẹn nìkan ni mo kábàámọ̀ níbẹ̀.

"Wọ́n ti di ti ìmọ̀ báyìí, ọ̀rẹ́ mi," ó ní. "Wọ́n wà ní ibi ìpamọ́. Ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ nìkan ló lè gbà wọ́n."

"Ẹni tó ni wọ́n wà ní Stafford, ó ń ká aṣọ."

"Kí ó wá, kí ó mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ dání." Ó mọ̀ pé Màmá kò ní ìwé ìgbélùú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àpilẹ̀kọ rẹ ńkọ́? Ó ku díẹ̀, àbí?"

Mo kọ̀wé sí ìwé ìròyìn méjì. Ọ̀kan kò dáhùn. Èkejì ní àwọn kì í gbé ọ̀rọ̀ akàn jáde àfi tó bá jẹ́ ti ilé oúnjẹ.

Ní Sátidé yẹn, mo pe ìyá mi. Ilé oníkẹ́míìsì tó wà ní àdúgbò wa ló ti máa ń gba ìpè, gbogbo ilé ló sì ń bá a gbà á.

"Ṣé o ti jẹun?" ni ìyá mi ń pariwo. "Ó wá rù ni, àbí ó sanra?"

"Ta ni, Màámi?"

"Ìwọ!"

"Ẹ bi í pé bàtà mi ńkọ́!" ni oníkẹ́míìsì ń wí lẹ́yìn rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìlà náà ń kù yìì.

"Dúró ná," ó ní. "Ọmọ obìnrin náà ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"O wá gbé ohùn òkú ọmọ fún òyìnbó?"

"Oṣù kan ni mo ní kó..."

"Mo ní ohùn òkú ọmọ! Orí ta lo sì fi búra?"

"Orí yín, Màámi."

"Orí mi yìí? Èyí tí mo wé gèlè sí láti wá gbọ́ ohùn rẹ? Ìwé tí mo ní kí o lọ kà nìyẹn? Lọ gbà á. Má pè mí mọ́ títí o fi gbà á." Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Kí ó tó pa á, mo gbọ́ tí oníkẹ́míìsì ń kígbe pé bàtà náà ńkọ́.

Bọ̀dé ń jẹun nígbà tí mo jókòó tì í, tí mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Iléeṣẹ́ tó wà ní Deer Park ti dá òun náà dúró nítorí owó epo tó já wálẹ̀, gbogbo ọjọ́ ló fi wà nílé.

"Bọ̀ọ̀dá, ìwé ti pọ̀ jù lórí yín," ó ní. "Ẹ̀ ń kọ lẹ́tà. Akàn yẹn, ṣebí èèyàn ni? Ṣebí Alief níbí ló wà? Carry am go meet the man now. Make him come see him god."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ ka ìwádìí rẹ̀ lórí akàn fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ti ìlú mìíràn bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, èmi, Màmá àti Ánsẹ́mù wọ mọ́tò Bọ̀dé, èyí tí ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀ kì í ṣí àfi láti ìta. Màmá, tí Ánsẹ́mù bá mi bẹ̀, wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé àkẹtẹ̀. Bí Ánsẹ́mù ti ń rìn lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yunifásítì, ó gba gbogbo ìbú rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fara mọ́ ògiri fún un. N kò rí òrìṣà kankan tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni mo wí nígbà tí a wọ ọ́fíìsì rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí akàn."

"Kí ni?"

Ánsẹ́mù na ọwọ́ sí i. Ó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nídìí mọ́tò tó ń fọ̀. "Inú mi dùn láti mọ̀ yín, sà. Mo gbọ́ pé ẹ kọ ogójì ojú ewé nípa ẹsẹ̀ mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ẹsẹ̀ náà.

"Igi máńgòrò ni," Ánsẹ́mù ṣàlàyé. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Kò sí òrìṣà níbẹ̀. Ajá ló wà nísàlẹ̀."

"Ọ̀rẹ́ mi," Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí mi, "ẹ jẹ́ ká jókòó ná."

"Kí ló wí?" ni Màmá béèrè.

"Ó ní ká jókòó, Màmá."

"Sọ fún un pé mo ti jókòó dè é fún oṣù méjìdínlógún."

"Lọ́la," Ánsẹ́mù ń bá a lọ pẹ̀lú sùúrù, "n óò jókòó síwájú. Tí ẹ bá ti dé ibi ìrìn ẹ̀gbẹ́, n óò dìde, n óò rìn díẹ̀ kí àwọn àlejò yín lè rí i."

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n funfun ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ó ní kí a dúró níta. A gbọ́ tí akọ̀wé rẹ̀ ń tẹ nǹkan. Ìgbà tó ṣí ilẹ̀kùn, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún èmi nìkan. Màmá yóò gba kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lónìí, bí èmi bá fọwọ́ sí i pé n kò ní sọ ibi tí ìtàn náà ti wá fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní kọ ọ́. Akọ̀wé béèrè bóyá kí òun tẹ tiwọn náà. Mo gbọ́ èsì rẹ̀: "Kò pọn dandan. Ta ni yóò gbọ́ tiwọn?"

Màmá fà mí sẹ́yìn. "Ìwọ tó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́, ṣé o máa fọwọ́ sí i?"

"Kásẹ́ẹ̀tì ni a wá gbà, Màmá."

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ sí i.

Páálí náà dé láti ibi ìpamọ́ ní ọ̀sán. Màmá kò ka kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Ó wá èyí tí wọ́n kọ "7" sí lára, ó gbé e sí etí bí ẹni pé èèyàn lè gbọ́ ọ láìsí ẹ̀rọ, ó sì tì í bọ àyà, lábẹ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀dé, tó máa ń fi rédíò mọ́tò rẹ̀ dí gbogbo ayé létí, pa á láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wí. Nígbà tí a já Màmá sílẹ̀, ó yọjú wọlé láti fèrèsé.

"Má pẹ́ dé lọ́la," ó sọ fún mi. "Aṣọ ń bẹ nílẹ̀ púpọ̀."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo gba oyè mi. Wọ́n ti tún ìwé náà tẹ̀, akàn ṣì wà lára èèpo rẹ̀, "ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé" ṣì wà nínú rẹ̀, èmi náà ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí mò ń parọ́ nípa etíkun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, ẹ sọ fún un pé Orélì ni orúkọ ẹni tó ni ìtàn, Miréì ló sọ ti adìyẹ, akàn sì ń fọ mọ́tò ní Alief.

Àwọn kan lè bi mí pé ìlérí tí mo fọwọ́ sí ńkọ́. N kò yẹ̀ ẹ́. Ìwé àdéhùn náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń kà á dáadáa. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé, tàbí ní Kreyòl. Ọ̀jọ̀gbọ́n ronú púpọ̀ kí ó tó to àwọn èdè náà. Kreyòl pàápàá, gègé ló fi kọ ọ́ kún un lẹ́yìn tí akọ̀wé ti tẹ̀ ẹ́ tán, kí àlàfo kankan má baà ṣẹ́kù. Èmi, ọmọ Yorùbá tó fi ṣe ẹlẹ́rìí fún òrìṣà Yorùbá, jókòó níwájú rẹ̀ gbangba. Kò wá sí i lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni lè fi Yorùbá kọ nǹkan kan, kí ẹlòmíràn sì kà á. Mo fọwọ́ sí i kíákíá kí ó tó rántí.